Mọ̀núrù Oníṣẹ́ Fìlà, Tó Ń Fi Fìlà Ka Ìbò

Ẹni tó bá ní ẹnu Mọ̀núrù kì í dákẹ́ kò parọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ìdajì. Èmi Títílayọ̀, Ìyá Jóṣúà, ni kí ẹ wá bi. Ọdún kọkànlá rèé tí ìsọ̀ òwú àti bọ́tìnnì mi ti fara ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Pákó kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, gbogbo ohun tó bá ń sọ ni mò ń gbọ́, bí mo fẹ́, bí mo kọ̀. Fìlà ló ń rán. Abetí ajá ni, gọ̀bì ni, kò sí irú èyí tí kò lè rán, iṣẹ́ rẹ̀ sì dán. Ọlọ́run Ọba nìkan ló mọ ìdí tí Ó fi da irú ẹnu yẹn pọ̀ mọ́ irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ni ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé wọn kò jìnnà sí Adéníji Adélé. Ìyá rẹ̀ ni ọmọ Ìdìròkò, létí bọ́dà gan-an, ibẹ̀ ni Mọ̀núrù sì ti dàgbà. Lóṣooṣù ló ń kó fìlà lọ síbẹ̀. Bó bá tà fún àwọn ará Ìdìròkò tán, á sọdá sí Ìgòlò ní ilẹ̀ Benin, ibi tí àwa l'Ékòó kàn ń pè ní Kútọnu láìbèèrè ìlú. Yorùbá kan náà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń fọmọ fún ara wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni yìí ti lọ kó ìmọ̀ òṣèlú bọ̀.

"Ìyá Jóṣúà!" á pariwo láti ẹ̀yìn pákó. "Ẹ gbọ́ mi o. Bí ìbò bá ti ku oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, ará Ìdìròkò á ní kí n tètè rán fìlà ẹgbẹ́ òun, kí gbogbo ayé lè mọ ibi tí òun wà. Bí ẹgbẹ́ náà bá fìdí rẹmi, kò ní í bọ́ fìlà o, á kàn máa bú àwọn tó wọlé ni. Ará Ìgòlò ńkọ́? Bí ìbò tiwọn bá ń bọ̀, kò ní í gbin! Ọjọ́ tí wọ́n bá kéde ẹni tó wọlé tán lá tó pè mí lórí fóònù: 'Ọ̀gá télọ̀, ẹ bá mi rán àwọ̀ ẹgbẹ́ tó wọlé.'"

"Ṣé ẹ wá lọ ka gbogbo ará Ìgòlò lọ́kọ̀ọ̀kan ni?"

"Mo ka fìlà!"

Ẹ̀rín á pa mí, inú á sì tún bí mi, nítorí ó ti sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó sì máa tún un sọ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Khairiyyah, nọ́ọ̀sì ni. Láti ìgbà tí ìyá ọmọ náà ti kú ló ti ń dá a tọ́, kò sì fi nǹkan kan dù ú. Nígbà tó yá, Khairiyyah rí ọkọ. Ihsan lorúkọ rẹ̀, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Olówógbowó. Ọmọ náà tutù, ó mọ̀wàá hù, bó bá rí mi, ibi yòówù kó jẹ́ lá ti dọ̀bálẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ibi tí wàhálà wà ni pé ọmọ Ìgòlò ni, bàbá rẹ̀, Alájì Síkírù, sì ti sọ pé òun ò fẹ́ràn ariwo àwọn ará Nàìjíríà. Ó ní òun á wá fojú ara òun rí ilé náà lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bó bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun á gbà. Bí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, kí Ihsan wá ìyàwó síbòmíràn.

Ọjọ́ méjì ṣáájú ni Khairiyyah wá bá mi ní ìsọ̀. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó ti dádì mi lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá ti fẹ́ la ẹnu sí ọ̀rọ̀ ìbò, ẹ já wọn léèékánná. Ihsan ní bàbá òun ò fẹ́ gbọ́ òṣèlú létí rárá. Bí àwọn àlejò bá fìbínú dìde, ó parí nìyẹn." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Bàbá rẹ̀ náà búra fún un pé òun ò ní í dárúkọ ẹgbẹ́ kankan.

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n dé, àwọn méje. Àwọn ọkùnrin wọn dọ̀bálẹ̀, a ṣàdúà, a mu mínírà, a rẹ́rìn-ín. Alájì Síkírù jẹ́ àgbàlagbà tó ń rọra sọ̀rọ̀, mo sì ti ń sọ nínú ara mi pé Ọlọ́run ti bá wa ṣe é. Àfi bó ṣe wo orí Mọ̀núrù tó ní, "Fìlà yín yìí mà dáa o, Àna. Ṣé ẹ̀yin lẹ rán an?"

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé, ọ̀rọ̀ fìlà!

Mo já a léèékánná nítan. Ó gbọn ọwọ́ mi nù bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti Ìdìròkò, ó sọ ti Ìgòlò, ó sọ ẹni tó ń ra fìlà ṣáájú ìbò àti ẹni tó ń rà á lẹ́yìn ìbò. Ó wá fi parí rẹ̀ pé, "Ẹ̀yin ará Ìgòlò ò ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ tó bá wọlé lẹgbẹ́ yín!" Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ihsan dorí kodò. Khairiyyah dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, tòun ti abọ́ tó gbé lọ́wọ́. Ká ní ọkọ mi ni Mọ̀núrù ni, n ò mọ ohun tí ǹ bá fojú rẹ̀ rí níjọ́ yẹn.

Alájì Síkírù ṣí fìlà tirẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. "Mo ní ẹ̀gbọ́n kan," ó ní. "Láyé ìjọba ológun lọ́dọ̀ wa, ó jókòó níwájú ilé, ó ní òun ò fẹ́ràn ìjọba. Gbólóhùn kan ni o. Wọ́n wá mú un ní ọjọ́ kejì. Ọdún mẹ́rin kó tó padà dé, láti ìgbà náà títí tó fi kú, kò lè sọ̀rọ̀ kó má wẹ̀yìn. Ìyá wa pe gbogbo wa jọ, wọ́n ní ẹni tó bá tún sọ ibi tí òun wà kí ìbò tó parí kì í ṣe ọmọ àwọn. A ní ẹgbẹ́, Àna. Inú wa ló wà."

Mọ̀núrù ò fèsì. Ní ọdún mọ́kànlá, n ò rí irú ẹ̀ rí. Nígbà tó yá, ó dìde, ó ṣí fìlà, ó sì nà gbalaja sílẹ̀. Bàbá ìyàwó! Ó dọ̀bálẹ̀ fún ará ilé ọkọ! Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é?

"Ẹ forí jì mí," ó ní. "Ẹ má fìyà ẹnu mi jẹ ọmọ mi."

"Hàà! Àna, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Alájì sáré fẹ́ gbé e dìde, kò lágbára ẹ̀, lòun náà bá dọ̀bálẹ̀ kó má baà jẹ́ pé òun ló wà lókè. Bí àwọn ará Ìgòlò ṣe rí olórí wọn nílẹ̀, gbogbo wọn tún nà gbalaja. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, èmi nìkan ló kù lórí àga. Mo bá kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, Àna."

"Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dìde."

Kò sẹ́ni tó dìde. Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni Alájì ti wá bi í pé, "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ta lẹ dìbò fún níjọ́sí?"

Mọ̀núrù rẹ ohùn sílẹ̀. "Alájì, ẹ má jẹ́ kí Ìyá Jóṣúà gbọ́."

"Mo ń gbọ́ o!"

"N ò dìbò rí láyé mi. Gbogbo ẹgbẹ́ ni mò ń rán fìlà fún. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọ́n bá mọ èyí tí mo fẹ́, àwọn yòókù lè wá fọ́ ṣọ́ọ̀bù mi."

Ọdún mọ́kànlá tí etí mi fi ń ho! Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé èjìká Alájì ti ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, Ihsan náà bẹ̀rẹ̀, Khairiyyah gbé abọ́ sílẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Alájì na ọwọ́, ó di ọwọ́ Mọ̀núrù mú.

"Ará Ìgòlò pọ́ńbélé ni yín," ó ní. "Ẹ dìde, ká lọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó."