Mọ́tò Tí Kì Í Pariwo

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣómólú, ohunkóhun tó bá ti gùn tó sì rọ̀ kò lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, tó wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló kọ́ mi ní irun dídì. Ta ló máa gbé orí kalẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ? Mo di etí ẹní, mo di koríko ẹ̀yìn ilé, mo di ìgbálẹ̀ títí ìyá mi fi fi í nà mí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ bí ìgbálẹ̀ ṣe ń ta lẹ́sẹ̀.

Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé. Òun ló ń to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi di ìwé, kì í sì í ṣi ọ̀kan tò. Ọdún yẹn ló ra mọ́tò àlòkù kan tó ń fi ojoojúmọ́ ṣàìsàn. Gbogbo ohun tí Màmá Àgbà ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ọmọ òun fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé òun jáde lọ́jọ́ tí òun bá ń lọ, kí òun lè rí i sọ nílé. Bàbá mi ṣèlérí fún un.

Láàárọ̀ Sátidé tí Màmá Àgbà fẹ́ lọ wọ rélùwéè, bàbá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú àgbàlá. Ó ní púlọ́ọ̀gì ló dọ̀tí, àwọn nǹkan kúkúrú mẹ́rin tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, òun sì ti ra tuntun. Kò pe mẹkáníìkì. Ó ti wo ọwọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ìyẹn tó. Ó fa wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń gbé iná wá fún wọn kúrò, ó fi sípánà tú púlọ́ọ̀gì àtijọ́, ó yí àwọn tuntun wọlé. Ni ìyá mi bá pè é kó wá mu ògì.

Wọ́n ní kí n máa lé adìyẹ kúrò nídìí mọ́tò. Wáyà dúdú mẹ́rin wà níwájú mi, gígùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, wọ́n ń dán bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdín pa. Mo bá dì wọ́n pọ̀, ó gún régé. Màmá Àgbà yọjú wò ó láti orí àpótí tó jókòó sí, ó ní ó dára ju ti ìgbálẹ̀ lọ.

Bàbá mi jáde, ó rí i. Ó tú u, ó wá dúró, kò mọ èwo ni ti èwo mọ́. Ó so wọ́n, ó fi irin yí ẹ́ńjìnnì. Mọ́tò wúkọ́, ó dún gbàù, àwọn adìyẹ tí mo ti ń lé láti àárọ̀ sá fúnra wọn. Ó pààrọ̀ wáyà, èéfín bo aṣọ tí ìyá mi sá. Ó tún pààrọ̀, ó tún dún gbàù. "Ti iwájú nìyí. Àbí ti ẹ̀yìn ni?" Bàbá mi ló ń bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun tí kì í ṣi lẹ́tà tò. Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi rárá. Púlọ́ọ̀gì tuntun ni, wáyà pé mẹ́rin, kí ló tún kù?

Ẹgba tí mo ń retí ò sì dé, ìyẹn ló tún dà mí láàmú jù. Bàbá tó nà mí nítorí gíláàsì àtùpà tí mo fọ́ kò tilẹ̀ wojú mi. Nígbà tí Màmá Àgbà bi í ohun tó ṣe mọ́tò, ó ní, "Èmi ni mo ṣì í tò, Ìyá mi." Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe fà ro. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ìyá rẹ̀ lè lọ láìwọ mọ́tò náà, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Bàbá Ìlàjẹ, apẹja tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa, ló ní kí Màmá Àgbà wọ inú mọ́tò jókòó. Ó kó àwọn géńdé ilé lọ sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n sì ń tì í bí ìgbà tí àwọn apẹja bá ń ti ọkọ̀ wọn sínú ọ̀sà ní Bàrígà. Bàbá mi di sítíárì mú, Màmá Àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tòun ti gèlè tuntun, èmi wà lẹ́yìn. Wọ́n tì wá dé Onípanu. Màmá ń juwọ́ sí gbogbo ará àdúgbò, ó sì ń yọrí lójú fèrèsé sí àwọn tó ń sáré lẹ́yìn pé, "Ẹ ṣeun tí ẹ sìn mí. Ẹ padà, ó ti tó." Lọ́dọ̀ tiwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí àlejò bá ṣe níyì tó ni àwọn tó ń sìn ín sọ́nà ṣe ń pọ̀ tó. Ní Onípanu ni a ti fi í wọ bọ́ọ̀sì lọ sí rélùwéè.

Kò wá sí Èkó mọ́ títí ó fi kú. Nígbà ìsìnkú rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bi bàbá mi bóyá òun ló ni mọ́tò tí kì í pariwo, tí gbogbo àdúgbò fi sin ìyá rẹ̀ sọ́nà dé ojú títì. Bàbá mi ní òun ni. Ó bọ́ sẹ́yìn ilé, ó sunkún.

Mo ti bímọ kí mẹkáníìkì kan tó là mí lọ́yẹ̀ pé wáyà kọ̀ọ̀kan ló ní púlọ́ọ̀gì tirẹ̀, àti pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ ọ́ kí wọ́n má baà ṣì í. Lónìí, mọ́tò ọmọ mi dákẹ́ débi pé n kì í mọ̀ bóyá ó ti ṣíná, a sì ń jáde láàárọ̀ láìsí ẹni tó ń sìn wá dé ẹnu géètì. Inú rẹ̀ ni mo ti máa ń rántí Màmá Àgbà. Obìnrin tó gbọ́ gbàù yẹn létí ara rẹ̀, tó sì rí ohun tí mo fi wáyà ṣe, ṣé kò mọ̀ lóòótọ́ pé ńṣe ni wọ́n ń tì wá? Àbí ó mọ̀, tó kàn bo ọmọ rẹ̀ láṣìírí, bí ọmọ rẹ̀ ṣe bo èmi náà? Títí di òní, mi ò mọ̀.