Fọ́tò Hájì Àǹtí Mi

Àbúrò ìyá mi ló tọ́ mi dàgbà ní Ajégúnlẹ̀. Àǹtí ni mo ń pè wọ́n. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni sítóòfù ti gbiná mọ́ wọn lójú, tó jó ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wọn títí dé ọrùn. Láti ìgbà náà, ìbòrí wọn kì í kúrò lápá ibẹ̀. Nínú gbogbo fọ́tò tó wà nílé wa, apá ọ̀tún nìkan ni wọ́n kọ sí kámẹ́rà, bí ẹni tí wọ́n ń pè láti ìta.

Lọ́dún tí Hájì kàn wọ́n, éjẹ́ǹtì tó ń bá wọn ṣe físà ní kí wọ́n mú fọ́tò tuntun wá: ẹ̀yìn funfun, gbogbo ojú síta. Mo ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Malu Road. Wọ́n dé láàárọ̀ kí oníbàárà kankan tó yọjú, wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn.

"Apá ọ̀tún ni kí o yà."

"Wọn ò ní gbà á, Àǹtí. Wọ́n ní kí ẹ kọjú síwájú gan-an."

Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n di ìbòrí wọn mú, wọn ò tú u sílẹ̀. Àwọn tírélà ń tẹ họ́ọ̀nù níta. Mo dúró lẹ́yìn kámẹ́rà. Nígbà tí wọ́n fa aṣọ náà sẹ́yìn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé gbogbo ọdún tí mo fi bá wọn gbé, mi ò wo ibẹ̀ tààrà rí. Awọ ibẹ̀ ń dán, ó súnkì, ó sì fa igun ẹnu wọn sókè díẹ̀. Mo yà á lẹ́ẹ̀kan péré, mo ní ó ti tó.

Nígbà tó hàn lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n gbójú kúrò.

"Ṣé o lè bá mi nù ún kúrò?"

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹ nìyẹn. Ojoojúmọ́ ni mo ń nu irorẹ́ kúrò lójú àwọn ọmọge, tí mo ń sọ ẹni dúdú di pupa kí wọ́n lè gbé e sórí fóònù. Ó yẹ kí n sọ fún Àǹtí pé ti físà kò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi mú awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún bo ti òsì. Wọ́n wò ó, ó pẹ́, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde.

A jọ gbé e lọ sí ọ́fíìsì éjẹ́ǹtì náà, nítòsí Creek Road ní Àpápá. Èèyàn bíi mẹ́jọ ló jókòó tí wọ́n ń dúró de ìwé tiwọn. Ọkùnrin náà wo fọ́tò, ó wo Àǹtí, ó tún wo fọ́tò.

"Màmá, ta nìyí?"

"Èmi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ìbòrí yẹn sẹ́yìn díẹ̀."

Àǹtí fa ìbòrí náà sẹ́yìn. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rọra sọ pé, "Sùbùhánállàhì."

"Tí èyí bá dé ọ̀hún, wọ́n á ní ẹ̀yin kọ́," ni éjẹ́ǹtì wí. "Ẹ lọ ya ojú yín wá. Ọ̀la ni mo ń fi ìwé ránṣẹ́ o."

A gba àárín àwọn tírélà padà sí ṣọ́ọ̀bù.

"Mo ní kí o nù ún. O ò bi mí pé ibo," ni Àǹtí wí. "Èyí tó wà lábẹ́ etí mi, tí ẹnikẹ́ni kì í rí, o nù ún mọ́ ọn. Ó ti pẹ́ tí ibẹ̀ ti ń yún ọ lọ́wọ́."

"Àǹtí, ẹ má bínú."

"Ọjọ́ tí wọ́n pe ìpàdé òbí nílé ìwé yín, tí o ní wọ́n ti sún un síwájú. Mo pàdé tíṣà rẹ lọ́jà lọ́jọ́ kejì."

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí mo pa irọ́ yẹn. Mi ò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi rí wọn. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Wọn ò ní kí n dìde, wọn ò sì ní àwọn ti forí jì mí. Wọ́n lọ jókòó sórí àpótí, wọ́n sì fa ìbòrí wọn sẹ́yìn fúnra wọn.

"Dìde, kí o yà mí."

Èyí àkọ́kọ́ ṣe bàìbàì. Nínú ìkejì, wọ́n ń wò mí tààrà. Inú wọn kò dùn, ẹ̀rù kò sì bà wọ́n. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe rí.

Éjẹ́ǹtì gbà á, físà sì jáde. Àǹtí lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n mú tẹ̀sùbáà kan wá fún mi. A ò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ilé ìwé yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà míì, tí wọ́n bá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù níbi tí mo ti ń nu ojú oníbàárà lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á dúró lẹ́yìn mi, títí màá fi gbọ́wọ́ kúrò.