Irin Kékeré Níwájú, Irin Ńlá Lẹ́yìn

Wẹ́dà fẹ́ràn eré ju oúnjẹ lọ. Nígbà tó fọwọ́ ara rẹ̀ to alùpùpù oníná jọ, irin eléyín tó kéré jù lọ ló wá fún táyà ẹ̀yìn, nítorí bí irin ẹ̀yìn bá ṣe kéré tó ni táyà ṣe ń sáré tó. Lójú títì tó tẹ́jú, ọkùnrin yìí ń fò ni, gbogbo eyín rẹ̀ á wà níta.

Àfi òkè ni kò gbà fún un. Orí òkè sì ni ṣọ́ọ̀bù tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ránṣọ wà. Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, ẹ́ńjìnnì á máa ráhùn, wáyà á gbóná janjan, bátìrì á sì kú kí wọ́n tó dé ìdajì. Obìnrin náà á bọ́ bàtà, á bọ́ sílẹ̀, á máa tì í.

"Olówó orí mi," ó wí lọ́jọ́ kan, òógùn bò ó, "bí mo bá tún ti nǹkan yìí lọ́la, máṣíìnì ẹlẹ́pẹtiróòlù ni màá máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ o."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Wẹ́dà lákínyẹmí ara. Ó sáré gbé bátìrì méjì kún ti tẹ́lẹ̀.

"Ẹ ṣáà máa di ẹrù lé e," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Èmi náà kọ́ ni mo máa tì í?"

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹ̀rín ṣe kú mọ́ ọn lẹ́nu. Òótọ́ mà ni! Iná kọ́ ni kò tó. Òun ló ní kí ẹ́ńjìnnì fi ìyípo kan gbé ẹrù ìyípo mẹ́ta, ló bá ń mu iná bí ẹni tó jẹ iyọ̀ yó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Agbára lòun ń fi mú un látọjọ́ yìí. Ó tú bátìrì méjèèjì kúrò, ó gé irin pẹlẹbẹ ńlá kan, ó sì fi fáìlì tí wọ́n fi ń rẹ́ irin gbẹ́ eyín sí i títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó fi í rọ́pò irin kékeré táyà ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan irin kékeré iwájú tó wà lẹ́nu ẹ́ńjìnnì.

Lọ́jọ́ kejì, lójú títì tó tẹ́jú, eré tán. Oníkẹ̀kẹ́ kan tó ń ta búrẹ́dì kọjá lára wọn: "Wẹ́dà, ṣé o sùn ni?" Ojú tì í, kí n má parọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí òkè, ìyàwó ti ń bọ́ bàtà.

"Jókòó jẹ́ẹ́," ni Wẹ́dà wí.

Ẹ́ńjìnnì kùn, táyà ń yí jẹ́jẹ́, wọ́n ń gùn. Wọ́n bá oníbúrẹ́dì lọ́nà, ó ń fẹsẹ̀ rìn, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ẹ kú ìrìn o!" ni ìyàwó Wẹ́dà kí i. Wẹ́dà fọwọ́ kan wáyà. Kò gbóná ju ara èèyàn lọ.

Wọ́n dé iwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ obìnrin náà kò sọ̀kalẹ̀.

"Kí ló dé? Ṣé o gbàgbé nǹkan nílé ni?"

"Rárá o," ó wí, ó sì di ọkọ rẹ̀ mú gírígírí. "Ẹ yí i padà. Ẹ jẹ́ ká tún òkè náà gùn."