Oògùn Irun àti Ìdọ̀bálẹ̀ Ọkọ Mi

Nígbà tí irun orí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kò tíì pé ogójì ọdún. Ìgbà yẹn ni ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀gá mọ́, pé kámáráádì ni gbogbo wa. Níbi iṣẹ́ ọkọ mi, ní gáà, ibùdó ọkọ̀ ojú irin Parakou, kámáráádì ni olórí wọn, kámáráádì ni ẹni tó ń gbálẹ̀. Ọkọ mi nìkan ni wọ́n ń pè ní "Kámáráádì Bàbá". Àwọn tí wọ́n dàgbà jù ú lọ pàápàá máa ń dìde nípàdé kí ó lè ríbi jókòó. Ó dùn ún wọnú eegun.

Èmi ò mọ̀ pé ó dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Arzèkè. Ohun tí mo rí ni pé ọkọ mi ń tilẹ̀kùn mọ́ra láràárọ̀ kó tó jáde. Bó bá jáde, á máa rùn bí ọtí líle tí wọ́n pò mọ́ lọ́fínńdà. Fìlà á ti wà lórí rẹ̀ digbí, kò ní ṣí i lójú mi. Mo bi í léèrè.

Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni."

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kẹ̀? Obìnrin tó pàtẹ tì mí lọ́jà ní, "Ìwọ náà ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ti rí ọmọge kan ní àdúgbò Albarika nìyẹn." Mo sunkún títí. Mo ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Ṣábẹ̀ pé kó wá bá mi bi ọkọ mi. Bó bá jẹ́ òótọ́, kó mú mi lọ sílé.

Ó ku ọ̀la kí bàbá mi dé ni mo rí ìgò kan lábẹ́ ibùsùn, ọkọ mi ti fi ìbọ̀sẹ̀ wé e. Mo gbé e lọ́wọ́, mo dúró dè é. Bó ti rí i, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àṣé oògùn irun ni! Ọkùnrin kan ní Zongo ló pò ó fún un, ó ní kó máa kán an ní ẹ̀kán mẹ́ta. Ọkọ mi ní ẹ̀kán mẹ́ta kéré sí orí tó tóbi tó toun. Ló bá ń dà á bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́. Á fi òrí kùn ún, á wá dé fìlà tó fún mọ́ ọn kí oògùn má baà sá jáde.

"Ó ti ń hù," ló wí, ó ṣí fìlà.

Lóòótọ́ ló ń hù. Iwájú orí ló wà, lókè ojú, níbi tí oògùn ń ṣàn gbà. Àárín orí ń dán bí àwo tánńganran.

Mo rẹ́rìn-ín títí èmi náà fi jókòó sílẹ̀. Ó ní kí n búra pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, mo búra. Ó wá ní òyì máa ń kọ́ òun bí òun bá dìde, àyà òun á sì máa lù kìkì. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó ní ó di ọjọ́ tí irun bá dé àárín.

Ti bàbá mi tó ń bọ̀, n kò lẹ́nu láti sọ ọ́ fún ọkọ mi. Mo ní n ó pàdé rẹ̀ ní gáà, n ó sọ fún un pé mo ṣì í rò ni. Ọkọ̀ tí kì í dé lásìkò, ó tètè dé lọ́jọ́ náà. Kí n tó palẹ̀ ọjà mọ́ kí n dé ilé, bàbá mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa.

Ọkọ mi ṣí fìlà fún àna rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Bàbá mi ní, "O ṣeun, dìde."

Ọkọ mi dé orí eékún, òyì gbé e, ó padà sílẹ̀.

"Mo ní kí o dìde."

Ó tún gbìyànjú, ó tún padà. "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá," ló ń wí wúyẹ́wúyẹ́.

Ojú bàbá mi yí padà. Nílé tiwa, ọkùnrin tó bá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ní kó dìde tí kò dìde, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ló ń bẹ̀ fún.

"Háà! Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà! Obìnrin mélòó ni?" Ó yíjú sí mi. "Ìwọ, lọ di ẹrù rẹ!"

"Bàbá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o."

"Má gbè é lẹ́yìn! Kí ló ń wá nílẹ̀?"

Ọkọ mi gbé ọwọ́ kan sókè níbi tó sùn sí, ó ń jù ú sí mi pé kí n má sọ. Ẹ gbà mí! Wọ́n fẹ́ mú ìyàwó rẹ̀ lọ, irun ló ń ṣọ́! Mo ní ìbúra yẹn ti tó. Mo wọlé, mo gbé ìgò jáde.

"Bàbá, obìnrin tó ń bá lọ nìyí."

Bàbá mi gbóòórùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo iwájú orí àna rẹ̀, ó fi ìka kan irun yẹn. "Nítorí irun?" Ó ṣí fìlà tirẹ̀. Kò sí fọ́nrán kan níbẹ̀. "Báyìí ni orí mi rí nígbà tí mo gbé ìyá ìyàwó rẹ wọlé. Ṣé ó sá lọ ni?"

A gbé e lọ sí ọsibítù. Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ pé hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọkùnrin Zongo lọ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì ní oògùn náà ló ń hu irun, òun náà ló ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ tí òyì fi ń kọ́ ọ; kó dà á nù, kó fọ orí. Ó ní bó bá dùbúlẹ̀, kó má fò dìde. Kó kọ́kọ́ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó jókòó, kó sinmi díẹ̀, kó tó nàró. Ọkọ mi bi í bóyá èyí tó ti hù yóò dúró. Nọ́ọ̀sì ní yóò lọ. Ìyẹn ló bà á lọ́kàn jẹ́ jù.

Nígbà tí a lọ ṣe Kérésì ní Ṣábẹ̀, òyì ti lọ, ìbẹ̀rù ló kù. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà ilé wa, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó jókòó, ó wo ojú sánmà díẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó wá dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àǹtí bàbá mi ní, "Ẹ wo ọmọ tó mọ̀wà hù! Bí wọ́n ṣe ń kí àna ní Parakou nìyẹn!"

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọkùnrin tó bá fẹ́ ọmọ ilé wa ni wọ́n ń kọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwọ ọmọ ọmọ mi tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, lọ́jọ́ tí bàbá tìrẹ wá tọrọ ìyá rẹ, òun náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó jókòó, ó wo ojú sánmà. Ọkọ mi wà lórí àga, fìlà lórí, ó ń gba ìkíni. Kò wo ojú mi rárá.