Ohùn Inú Fúláàṣì

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin atẹ̀wé náà. Bó bá ti ilẹ̀kùn tán, á tún padà wá tì í wò. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Obìnrin náà ti kú tipẹ́, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì ṣẹ́ kù nínú ohùn rẹ̀, inú kọ̀ǹpútà Jẹ́jẹ́ ló wà. Ọmọbìnrin wọn kò gbọ́ ọ rí, torí ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ. Bàbá fúnra rẹ̀ kì í ṣí i, ẹkún ló ń sá fún.

Nígbà tí ibi iṣẹ́ Jẹ́jẹ́ pa Windows tó ń darí kọ̀ǹpútà wọn tì, tí wọ́n yí sí Linux, ọmọ sọ lórí fóònù pé kó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kí kọ̀ǹpútà máa bi í léèrè èyí tó fẹ́.

“Kò ní pa ohùn màmá ẹ rẹ́?”

“Rárá o, Bàbá. Ẹ ṣáà ṣe ẹ̀dà ẹ̀ síbòmíì. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ máa jẹ́ kí n gbọ́ ọ.”

Ẹ̀dà kò fi Jẹ́jẹ́ lọ́kàn balẹ̀. Ó yọ ohùn náà kúrò nínú kọ̀ǹpútà pátápátá, ó kó o sínú fúláàṣì, ó fi í sápò àyà.

Fúláàṣì náà ló sì nílò láti fi gbé Linux wọnú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Ó rò pé àyè ṣì wà nínú rẹ̀. Ṣé àlejò méjì kò lè sùn nínú yàrá kan ni? Ìkìlọ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ìkìlọ̀ tó ti yọ ṣáájú ló torí rẹ̀ pe ọmọ, “Bàbá, ẹ tẹ bẹ́ẹ̀ ni” lọmọ sì ń wí. Ojú tì í láti tún pè é. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó pa á lówe kò mọ Jẹ́jẹ́.

Iṣẹ́ yọrí. Linux ṣí, Windows náà ṣí, àfi bíi kí Jẹ́jẹ́ jó. Ó wá ki fúláàṣì bọ̀ ọ́ láti dá ohùn náà padà. Linux nìkan ló bá níbẹ̀. Ìkìlọ̀ tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni sí ti pa ohùn náà rẹ́.

Fóònù dún.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ó yá, ẹ jẹ́ n gbọ́ màámi.”

Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

“Kí ni màámi sọ níbẹ̀, Bàbá?”

Jẹ́jẹ́ fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó sọ ọ́ bí ìyá ọmọ náà ṣe sọ ọ́: “‘Jẹ́jẹ́, rọra, kò sẹ́ni tó ń lé ẹ.’”

“Ẹ tún un sọ,” lọmọ wí.