Ẹ̀bẹ̀ tí Awóyẹmí Bẹ̀ fún Ọmọ Rẹ̀

Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ ní Esie, tí ẹni tó ṣẹ̀ kò mọ bí yóò ṣe wọlé ẹni tí inú ń bí, Awóyẹmí ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ la fi mọ̀ ọ́n. Á dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ọ̀ràn tí kò mọ orí rẹ̀, tí kò mọ ìdí rẹ̀. Kì í béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ń tọpinpin ẹ̀bi kò fẹ́ kí ìjà parí ni.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnì kan ṣá Ayọ̀délé ládàá lápá látẹ̀yìn nínú oko rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kò rí ojú onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n òun àti Ọlábọ̀wálé, ọmọ Awóyẹmí, ti jà lórí ààlà oko láàárọ̀ ọjọ́ náà, ni gbogbo ẹnu bá kọrí sí Bọ̀wálé.

Ọmọ náà ní, “Bàbá, mi ò padà sóko yẹn mọ́ lẹ́yìn ìjà wa.”

“Ta ló bi ọ́?” ni Awóyẹmí dá a lóhùn. “A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Dọ̀bálẹ̀, sọ pé o jẹ̀bi, kí ọ̀rọ̀ tán nílẹ̀.”

Ó mú àgbà méjì dání, wọ́n lọ sílé bàbá Ayọ̀délé. Bọ̀wálé dojú bolẹ̀, ó ní òun jẹ̀bi, kí wọ́n forí ji òun. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, wọ́n fa ọmọ náà dìde. Awóyẹmí sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Nígbà tó yá, wọ́n gé apá Ayọ̀délé ní ọsibítù, àwọn ọlọ́pàá sì dé. Wọ́n pe àgbà méjèèjì sí kóòtù. Wọn ò parọ́, ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n sọ. Awóyẹmí búra pé òun ni òun kọ́ ọmọ lọ́rọ̀ yẹn. Adájọ́ ní, kí ni bàbá kò lè sọ láti gba ọmọ rẹ̀ là? Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Ìlọrin. Lọ́yà ṣàlàyé títí pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kọ́ ni ọ̀daràn. Àwọn adájọ́ ní àgbàlagbà ni Bọ̀wálé, kò sẹ́ni tó fi ìbọn tì í. Ẹyin lohùn, ó ti fọ́. Ìdájọ́ dúró bó ṣe wà. Lọ́yà sọ pé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Àbújá ṣì kù, àmọ́ ó ń palẹ̀ ìwé rẹ̀ mọ́ bó ṣe ń sọ ọ́, kò sì wojú ẹnikẹ́ni.

Awóyẹmí ló lọ sọ fún ọmọ rẹ̀ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Bọ̀wálé gbọ́ ọ tán, kò sunkún.

“Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín ò tíì bi mí rí.”

Bàbá wá bi í pé, “Ṣé ìwọ ni?”

“Èmi kọ́, Bàbá.”

Awóyẹmí gbà á gbọ́. Wọ́dà ní àkókò ti tó. Ó jáde síta, ó dúró nínú oòrùn, ó ń wá ẹni tí yóò sọ fún pé ọmọ òun kò jẹ̀bi, kò sì rí ẹnì kankan.