Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Fi Ń Yangàn

Àwọn kan ń fi ilé yangàn, àwọn kan ń fi mọ́tò yangàn. Ìdílé tí wọ́n bí télọ̀ tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí sí kò ní ilé, kò ní mọ́tò, nítorí náà nǹkan oṣù ni àwọn obìnrin wọn fi ń yangàn. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ tiwọn pọ̀, wọ́n sì gbà pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá pọ̀ ni obìnrin, pé àwọn yòókù kàn ń gbìyànjú ni. Ẹni tó fi ẹ̀kọ́ yìí lélẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá télọ̀, tó tọ́ ọ dàgbà. Àǹtí Mo-Ti-Mọ̀ ni àwọn ọmọ ilé ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè sọ dé ìdajì kó tó ní òun ti mọ̀ ọ́n.

Bí ọmọbìnrin kan bá rí nǹkan oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ilé náà, Àǹtí á pè é wọ yàrá, á fún un ní síkẹ́ẹ̀tì dúdú kan àti ọ̀rá fífẹ̀ tó nípọn tí yóò máa tẹ́ sábẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ìyẹn ni oyè jíjẹ tiwọn. Télọ̀ dàgbà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé gbogbo bẹ́ẹ̀dì obìnrin láyé ló máa ń dún bí ọ̀rá tí èèyàn bá yí ẹ̀gbẹ́ padà. Nígbà tó lọ́kọ, ọkọ rẹ̀ bi í bóyá ó kó ọjà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni. Ó bínú, ó ní ọkùnrin náà kò mọ obìnrin.

Aṣọ ilé ìwé ni télọ̀ ń rán, nínú ṣọ́ọ̀bù gbọọrọ kan tí àwọn obìnrin jókòó sí ní ìlà, máṣíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dé, kò ní lè rán apá aṣọ kan parí kó tó sáré lọ sí ilé ìtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa ṣe fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

"Ṣé kí n kúkú gbé máṣíìnì ẹ lọ síbẹ̀ ni?" ọ̀gá wọn á bi í, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á sì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú ètè tó funfun báláú.

Obìnrin tó ń rán kọ́là ọrùn aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kò rẹ́rìn-ín. "Pádì tí mo ń lò láti àárọ̀ dọ̀sán," ó ní, "ìwọ kì í lò ó ju wákàtí kan lọ. Èyí ò dáa o. Lọ rí dókítà."

"Ẹ̀jẹ̀ tìẹ ló kéré," télọ̀ dá a lóhùn, ó sì pòṣé. Ẹ wo ẹni tí òòyì ń kọ́, tó di tábìlì mú kó má baà ṣubú, tó wá ń káàánú ẹni tó dúró ṣánṣán!

Bó bá jẹ́ pé orí òun nìkan ni ìwà òmùgọ̀ náà mọ, mi ò ní bá a wí. Ṣùgbọ́n ó ní ọmọbìnrin kan, Péńpé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Láti kékeré ni imú Péńpé ti máa ń ṣẹ̀jẹ̀, tó bá sì fẹsẹ̀ kọ àga lásán, ojúgun rẹ̀ á dúdú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀, kò dáwọ́ dúró mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, ọmọ náà ń di ògiri mú gun àtẹ̀gùn ilé.

"Ọmọ wa ni lóòótọ́!" Àǹtí pariwo, bí ẹni pé ọmọ náà gba ipò kìíní ní kíláàsì. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú jáde. Ọ̀rá jáde.

Ẹ̀rù ti ń ba télọ̀, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan ní òpópónà kejì. Nọ́ọ̀sì yẹn kò fọwọ́ kàn án, kò yọ ojú kúrò lára fóònù ọwọ́ rẹ̀. "Ó ń di obìnrin ni, mà," ó ní. "Ẹ máa fún un lóúnjẹ tó dáa." Ìmọ̀ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ nìyẹn! Télọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà sílé, Àǹtí sì ní òun ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa sọ.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, Péńpé dìde láti dáhùn ìbéèrè tíṣà, ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Ìpè dé ṣọ́ọ̀bù, télọ̀ fi aṣọ sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó sáré. Kí wọ́n tó gbé ọmọ dé ọsibítù ńlá, Àǹtí ti wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, ó wé gèlè, ó fi ẹ̀gbà sọ́rùn, àfi bí ẹni tí wọ́n pè wá ṣe alága.

Dókítà obìnrin kan tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí ló gbà wọ́n. Ó ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ lára kíá, lẹ́yìn náà ló jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń bi ìyá ọmọ ní ìbéèrè. Ìyá ọmọ kò ráyè dáhùn.

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ tó dì máa ń wà nínú ẹ̀?"

"Bí ẹ̀dọ̀!" Àǹtí ló dáhùn. "Dókítà, bí ẹ̀dọ̀! Tiwa kì í ṣe kékeré."

"Imú ńkọ́? Ṣé ó máa ń ṣẹ̀jẹ̀?"

"Ti gbogbo wa ni."

"Tí ara bá gbá nǹkan, ṣé ó máa ń tètè dúdú?"

"Awọ wa ló rọ̀, awọ olówó ni."

"Ṣé ẹnì kankan ti yọ eyín rí nínú yín?"

"Èmi! Mo tu ẹ̀jẹ̀ dalẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹni tó yọ ọ́ kúnlẹ̀, ó ń gbàdúrà." Ó rẹ́rìn-ín títí ọrùn rẹ̀ fi mì.

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. "Màmá, kò sí èyí tẹ́ ẹ dáhùn tí kò bà mí lẹ́rù," ó ní. Ó wá yíjú sí télọ̀, ó ṣàlàyé pé ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń jẹ́ kó dì kó sì dá, pé àwọn kan wà tí wọn ò bí i mọ́ wọn tó, àti pé ìdílé ló ń gbé e kiri. Wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dájú. Bó bá jẹ́ àìsàn yẹn ni, kì í lọ, ṣùgbọ́n oògùn wà tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, èèyàn sì lè gbé ayé dọjọ́ ogbó pẹ̀lú ẹ̀.

"Àrùn?" Àǹtí dìde. "Nínú ìdílé tèmi?"

"Màmá, ẹ jókòó. Ṣé ẹnì kan wà nínú yín tí ẹ̀jẹ̀ dà lára ẹ̀ jù nígbà tó bímọ?"

Àǹtí jókòó, ó wolẹ̀. Télọ̀ kò rí irú ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

"Àǹtí," ó ní jẹ́jẹ́, "ẹ sọ fún mi pé ibà ló pa màmá mi lọ́jọ́ kejì tó bí mi."

Obìnrin náà ń fi ìka yí ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀. "Agbẹ̀bí ní ká gbé e lọ sí ọsibítù," ó ní. "Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ làwa ṣe ń ṣe. Mo rò pé... bẹ́ẹ̀ làwa ṣe ń ṣe."

Ó ṣe télọ̀ bíi kó já ẹ̀gbà náà dànù. Kò ṣe é. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na apá sí dókítà. "Ẹ yẹ tèmi náà wò."

Péńpé la ojú lórí bẹ́ẹ̀dì. "Mọ́mì, ṣé mi ò ní kú?"

"O ò ní kú," télọ̀ dá a lóhùn. "Kò sẹ́ni tó máa fi ẹ́ sílẹ̀." Ó sọ ọ́ sókè, kí ẹni tó yẹ kó gbọ́ lè gbọ́.